Bọ́ọ̀lù Tí Kò Ní Àmì

Alhaji tún bi Toyibat pé ibo ni bọ́ọ̀lù tí Toyibat gbá gbà.

Toyibat nawọ́ sí apá ọ̀tún, níbi tí koríko gbígbẹ ti ga lẹ́bàá àwọn igi kajú. "Ọ̀hún ni, Bàbá. Ìdí àwọn igi yẹn ló balẹ̀ sí."

"Eruku yìí kò jẹ́ kéèyàn rí nǹkan," ni Alhaji wí, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Eruku wà lóòótọ́. Ọyẹ́ ọjọ́ náà le ju ti àwọn ọjọ́ tó ṣáájú lọ. Ojú ọ̀run ti funfun báláú láti àárọ̀, atẹ́gùn sì ń fẹ́ kíkankíkan gba orí pápá kọjá, ó ń gbọn àwọn àsíá tó wà lẹ́bàá ihò bí ẹni ń gbọn aṣọ tútù. Òtútù mú débi pé títí di ọ̀sán, kò sí ẹni tó bọ́ súwẹ́tà ọrùn rẹ̀. Ètè Toyibat ti là. Abíyá ló ń fi ọwọ́ sí kí ìka rẹ̀ má baà kú kó tó kàn án láti gbá.

Alhaji Sírájúdéènì ni bàbá ọkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe páànù ní Sango ló ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ẹnjiníà, òun àti àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ mélòó kan ló sì dá ẹgbẹ́ agbágọ́ọ̀fù wọn sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Basit, ọmọ rẹ̀, kò fẹ́ràn gọ́ọ̀fù. Ó ní òun kò lè máa rìn kiri inú oòrùn nítorí bọ́ọ̀lù tí kò tó ọsàn. Ìyàwó Basit ni bàbá náà wá kọ́. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ará àdúgbò wọn ní Ìjù máa ń fi ìyanu wò wọ́n láàárọ̀ Sátidé, bàbá ọkọ àti ìyàwó ilé tí wọ́n ń kó ọ̀pá gọ́ọ̀fù sẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tó yá, ó mọ́ wọn lára.

Ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ Ọ̀tà ti wọ bọ́ọ̀sì lọ bá ẹgbẹ́ kan gbá ní ìtòsí Ifọ̀. Eré ẹlẹ́ni méjì-méjì ni. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ẹni méjì jọ ń gbá. Bí ọ̀kan bá gbá a, ìkejì á gbá a tẹ̀lé e títí yóò fi wọ ihò. Àwọn tí ìgbá wọn bá kéré jù ló ni ihò yẹn. Láwàlì àti Abísọ́lá, tọkọtaya kan tó ń ta oògùn ní Ifọ̀, ni wọ́n fi ko Alhaji àti Toyibat lójú. Àwọn yòókù ti gbá tiwọn tán, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ṣe ọgbọọgba, nítorí náà àwọn mẹ́rin yìí ló kù tí gbogbo èèyàn ń wò. Ihò méjì ló ṣẹ́kù. Alhaji àti Toyibat ló fi ẹyọ kan ṣíwájú. Bí wọ́n bá jẹ èyí tí wọ́n wà nídìí rẹ̀ yìí, ó parí.

Ohun tó ń ya Toyibat lẹ́nu ni pé Alhaji kò gbá ìgbákugbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì já gaara bí ti àtẹ̀yìnwá. Ṣùgbọ́n gbàrà tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò nílẹ̀, ó dà bíi pé ó pòórá mọ́ ọn lójú. Láàárọ̀, Àmọ̀dá tó jẹ́ olórí ikọ̀ wọn na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sì mọ̀ títí Àmọ̀dá fi sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, ó ti fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ha géètì ilé, ó ní ẹni tó ṣí géètì ni kò ṣí i tán. Toyibat ka gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àgbà. Kò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Alhaji ṣáájú lọ sí ìdí àwọn igi kajú. Atẹ́gùn já ìborùn Toyibat, ó sì dúró láti tún un wé. Kó tó wé e tán, ó ti gbọ́ ìró ọ̀pá. Nígbà tó gbójú sókè, bọ́ọ̀lù wà lójú ọ̀run, atẹ́gùn ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ sápá òsì, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá. Láwàlì pàtẹ́wọ́. Abísọ́lá ní Alhaji ti parí ọ̀rọ̀ fún àwọn.

Toyibat ló kàn láti gbá. Bọ́ọ̀lù náà kò jìnnà sí ihò rárá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó.

Bọ́ọ̀lù wọn ní àmì kan lára, àmì róbótó aláwọ̀ ewé tí Toyibat fi ọ̀dà ṣe láàárọ̀, nítorí iléeṣẹ́ ọ̀dà ló ń bá ṣiṣẹ́, ọ̀dà kì í wọ́n an. Èyí kò ní àmì. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, bóyá láti ìgbà òjò ni ẹnì kan ti sọ ọ́ nù sínú koríko. Bọ́ọ̀lù wọn gan-an ṣì wà nídìí igi kajú.

Ó wò yíká. Láwàlì ń fẹ́ èémí sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ti yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn. Kò sẹ́ni tó ń wo ilẹ̀. Bí ó bá fi ọ̀pá tì í báyìí, yóò wọlé, wọn á bọ ọwọ́, wọn á lọ mu tíì gbígbóná.

Ó mú bọ́ọ̀lù náà, ó lọ bá Alhaji níbi tó dúró sí, ó sì fi í sí i lọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ wò ó."

Alhaji yí i síwá sẹ́yìn. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Mo rí i. Àmì rẹ nìyí lára rẹ̀."

Toyibat wo ojú bàbá ọkọ rẹ̀, ó sì rí i pé kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń wò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Kò sí àmì kankan lára rẹ̀, Bàbá," ló sọ ní ohùn jẹ́jẹ́.

Alhaji fi àtàǹpàkò ra bọ́ọ̀lù náà títí.

Toyibat lọ sọ fún àwọn tọkọtaya náà pé bọ́ọ̀lù tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbá, wọ́n ti pàdánù ihò náà. Láwàlì ní kí wọ́n gbàgbé ẹ̀, inú eruku bẹ́ẹ̀, ta ni ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ sí? Toyibat kọ̀. Abísọ́lá lọ wá inú koríko, ó sì mú bọ́ọ̀lù tó ní àmì bọ̀. Wọ́n gbá ihò tó kẹ́yìn. Ọwọ́ Toyibat ti kú, ìgbá rẹ̀ méjì wọ inú kòtò yanrìn, wọ́n sì pàdánù.

Nígbà tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì, Àmọ̀dá fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọra bi í pé ta ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó béèrè. Alhaji jókòó síwájú, ó fa fìlà bo iwájú orí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Ọ̀tà. Àwọn èèyàn rò pé ìbínú ni. Toyibat jókòó sẹ́yìn, ọ̀nà ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń rò. Basit máa ń tètè jáde lọ sí Èkó, òun náà ní láti wà ní iléeṣẹ́ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Alhaji ló sì máa ń fi mọ́tò gbé Rauf àti Kàfáyá lọ láràárọ̀.

Bọ́ọ̀sì já wọn sílẹ̀ ní Oju Ore, níbi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ilẹ̀ kò tíì ṣú, àmọ́ ọyẹ́ ti sọ gbogbo nǹkan di aláwọ̀ eérú. Alhaji jókòó sídìí ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Toyibat ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n kò wọlé.

"Wọlé, ìyàwó mi. Òtútù ń mú."

"Ẹ jẹ́ kí n wà á, Bàbá."

"Ṣebí èmi ni mo wà á wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kò kúrò lójú kan. Atẹ́gùn ń gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, ó ń fẹ́ bébà tó wà lórí ìjókòó. Alhaji di ọwọ́ ìtukọ̀ mú ṣinṣin fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó paná ọkọ̀.

"Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ," ló wí. "Mo lọ rí dókítà kan l'Ékòó. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà mọ́, kí a máa fi oògùn tọ́jú èyí tó kù."

Toyibat bi í pé ìgbà wo ni. Ó ní kí àwẹ̀ tó kọjá tó wọlé ni. Toyibat bi í pé báwo ló ṣe wá ń wa mọ́tò.

"Mo mọ ọ̀nà ilé ìwé yẹn. Bí mo bá ti rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ tó wà níwájú mi, òun ni mo máa ń tẹ̀lé."

Ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu Toyibat tí ìyàwó kì í sọ sí bàbá ọkọ, ó sì gbé e mì.

"Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn yín, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ kò sọ fún Basit."

"Bí mo bá sọ, ẹ máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Òótọ́ sì ni, ó yẹ kí ẹ gbà á." Ó yíjú sí ìjókòó ẹ̀yìn. "Àwọn ọmọ yẹn nìkan ló ń gbé mi dìde láàárọ̀. Lẹ́yìn wọn, kí ni mo tún fẹ́ jáde lọ ṣe?"

Toyibat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alhaji yọ kọ́kọ́rọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba iwájú mọ́tò bọ̀ sápá kejì, ọwọ́ rẹ̀ kan ń fara ra bọ́nẹ́ẹ̀tì bó ti ń rìn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí Toyibat lọ́wọ́ láìwò ó. Toyibat ti ilẹ̀kùn fún un, ó lọ jókòó sídìí ọkọ̀, ó tan iná, ó sì wọ ọ̀nà Ìjù.

Toyibat ní lálẹ́ yìí, wọn á sọ fún Basit, àwọn méjèèjì. Ó ní láti ọjọ́ Ajé, òun ni òun á máa wa mọ́tò lọ sí ilé ìwé, òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ kí òun lè máa pẹ́ díẹ̀ wọ iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kò mọ bí ọ̀gá náà ṣe máa gbà á.

"Ẹ̀yin á jókòó síwájú, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ṣe ń mú Rauf dákẹ́."

Alhaji wá bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ kiri, ó rí i, ó sì gbà á mọ́ra. Ó bi í pé aago mélòó ni wọn á máa jáde. Toyibat ní wọn á ní láti jáde ṣáájú ìgbà tí Alhaji máa ń gbé àwọn ọmọ jáde.

Alhaji ní kò burú. Ó ní kó má fọn fèrè, òun á ti wà lẹ́nu ọ̀nà.