Lẹ́tà Tó Tẹ̀ Síwájú

Búrọ́ọ̀ṣì bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà kẹta. Ọ̀dà pupa ta sí Rísíkàt lẹ́sẹ̀. Ó he búrọ́ọ̀ṣì náà, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e fún mi.

"Ẹ sinmi, Bàbá."

"Oṣù mẹ́rin ni mo fi sinmi."

Àìsàn ló mú ọwọ́ ọ̀tún mi. Kó tó mú un, èmi ni mò ń kọ pátákó fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Gàrkí. Irú lẹ́tà kan ni wọ́n mọ̀ mí mọ́: ó ki, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń gun òkè. Mi ò kọ irú rẹ̀ fún ọ́fíìsì ìjọba rí. Lẹ́tà tó nàró ni tiwọn. Tèmi wà fún ọkọ̀ akẹ́rù, fún oníbúrẹ́dì, fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí òun láti òdìkejì títì.

Rísíkàt, télọ̀ ará Ìlọrin, fẹ́ kí n fi irú lẹ́tà yẹn kọ orúkọ rẹ̀ sára gíláàsì ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tuntun. Ọdún 1986 ni. Babalọlá àbúrò mi ti sọ tirẹ̀: bí mi ò bá lè ṣe iṣẹ́ yìí, yóò wá láti Bwari lọ́jọ́ Sátidé, yóò gbé mi padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọjọ́ Alàmísì la wà.

"Ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́?" ni Rísíkàt bi mí.

Mo wo ọwọ́ náà. A kì í fi ọwọ́ òsì fún èèyàn ní nǹkan. Orúkọ tó fẹ́ fi wá oúnjẹ ni kí n wá fi í kọ?

"Bàbá, ọwọ́ òsì ni mo fi ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò tíì dá aṣọ padà nítorí ẹ̀."

Ó tẹ́ bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ sórí tábìlì. Mo fi ọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀. Ọwọ́ náà ò gbọ̀n. Ṣùgbọ́n gbogbo lẹ́tà náà tẹ̀ sẹ́yìn.

"Kai!" Rísíkàt rẹ́rìn-ín. "Bàbá, àwọn yìí ń sá fún oníbàárà."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́.

Ó mú bébà náà, ó ń wò ó. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ó gbé e sára gíláàsì níbi tí oòrùn ti ń wọlé.

"Apá aṣọ kan ṣoṣo ni mo máa ń gé sórí bébà," ló wí. "Tí mo bá yí i dà, ó di apá kejì. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Orúkọ náà yí sódì, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tẹ̀ síwájú.

"Ẹ kọ ọ́ lódì láti inú, Bàbá. Ìta ni wọ́n á ti kà á."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, mò ń bọ̀ lápá òsì. Bó ṣe rọrùn fún ọwọ́ náà nìyẹn. Lórí gíláàsì, ohun tí ojú máa kọ́kọ́ rí la kọ́kọ́ ń kùn: pupa ṣáájú, òjìji dúdú ẹ̀yìn lẹ́tà tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Sátidé, Babalọlá ti kó àpò mi sínú mọ́tò kó tó dé ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró ní òdìkejì títì, ó kà á. Ó sọdá.

"Ta ló bá yín kọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n?"

Mo gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Háà! A kì í fi í júwe ilé bàbá ẹni."

"Ilé bàbá wa kọ́," mo ní. "Ṣọ́ọ̀bù Rísíkàt ni."

Rísíkàt yọrí láti inú. "Ẹ má gbé wọn lọ o. Mùfúlíátù oníbúrẹ́dì ti ń béèrè wọn."

Babalọlá gbé àpò mi padà sí yàrá mi.

Lọ́dún 1990, òkúta fọ́ gíláàsì náà. Bébà tí mo kọ lọ́jọ́ Alàmísì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. RÍSÍKÀT ló wà lára rẹ̀, gbogbo lẹ́tà tẹ̀ sẹ́yìn.