Ààrò Irin Ìyá Nurat

Lọ́dún tí a gba òmìnira, ọ̀pọ̀ òyìnbó rélùwéè di ẹrù wọn, wọ́n ń lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn ní Railway Quarters ní Kano kò lè gbé ẹrù ilé ìdáná rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ló bá ń wá ẹni tí yóò rà á. Ọ̀ṣẹ́nì télọ̀, ará Ọjà Sabon Gari, ló rà á: tábìlì kan, kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bò nítorí eṣinṣin, àti ààrò irin dúdú kan tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, tòun ti ọ̀pá tí èéfín rẹ̀ ń gbà jáde.

Kò rà á fún ọ̀ṣọ́ o. Amudat ìyá Nurat, ìyàwó rẹ̀, ti ń fẹ́ná lórí òkúta mẹ́ta nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ọ̀ṣẹ́nì bá pe Àmúsà bíríkìlà pé kó wá tún ẹ̀yìnkùlé mọ, kó di ilé ìdáná gidi.

Àwọn Hausa aláàárù ló fi ọmọlanke gbé ẹrù náà. Òógùn bò wọ́n. Ọ̀kan ń pariwo pé, "Giwa ce wannan!"

"Erin ni lóòótọ́," ni Amudat wí. "Erin yìí ló sì máa se oúnjẹ yín!"

Òun fúnra rẹ̀ ru ọ̀pá èéfín sórí, ó ń tẹ̀ lé wọn. Bí wọ́n ṣe gba àdúgbò Noman's Land kọjá, obìnrin kan nahùn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀:

"Ìyá Nurat, ṣé ìbọn lẹ rà ni?"

"Ìbọn ni o! Èéfín ni mo fẹ́ fi pa!"

Àfi bí wọ́n ṣe délé tí wọ́n bá ìyá Ọ̀ṣẹ́nì lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ti Ọ̀fà wọ rélùwéè wá kí ọmọ rẹ̀. Ó wo ààrò náà yí po, ó yínmú.

"Ọ̀ṣẹ́nì, èmi kì í jẹ búrẹ́dì. Ọkà ni mò ń jẹ. Bí irin yìí kò bá lè ro ọkà kí Jímọ̀ tó kọjá, kí àwọn tó gbé e wá gbé e lọ, kí ẹ kó òkúta yín padà."

Ọ̀ṣẹ́nì wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Amudat gbé omi kaná, ó da èlùbọ́ sí i. Yéè! Ìkòkò onídìí róbótó ń yí kiri lórí irin pẹrẹsẹ. Nílẹ̀, èèyàn á jókòó sórí àpótí, á fẹsẹ̀ ti ìkòkò, á wá fi gbogbo ara tẹ ọmọrogùn. Amudat sì kúrú. Ẹnu ìkòkò ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń rò ó bí ẹni tó ń ká ìbẹ́pẹ. Ọkà náà di kókó.

"Ṣé òkúta lo sè fún mi ni, ìyàwó?" ni Màmá wí.

Amudat fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń nu ààrò náà, ìdérí róbótó kan ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́. Ihò ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò lé e, ìdí ìkòkò wọlé, ó há gbọnyin. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n gíga ààrò náà ńkọ́? Ló bá rí Àmúsà tó dúró lórí àpótí, tó ń fi gbogbo ara tẹ amọ̀ mọ́ ògiri.

"Bàbá Àmúsà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ dàkálì fún mi síwájú ààrò yìí."

"Dàkálì? Ìta làwọn ọkùnrin ti ń jókòó sórí pèpéle amọ̀ yẹn. Ta ló fẹ́ jókòó nínú iná?"

"Mi ò ní jókòó. Màá gùn ún ni."

Àmúsà rẹ́rìn-ín títí amọ̀ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọ́n. Oòrùn Kano gbẹ ẹ́ kí Jímọ̀ tó pé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Amudat gun dàkálì rẹ̀ bí ìmáàmù tó gun mínbárì. Èéfín ń bá ọ̀pá lọ sọ́run, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó tẹ ọmọrogùn, ó tẹ̀ ẹ́, ọkà náà ń dán, kò ní kókó kan.

Màmá tọ́ ọ wò. Ó ká ìró sókè, ó gun dàkálì, ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ ìyàwó.

"Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé ọbẹ̀ kaná."

"Kí n sọ̀ lọ síbo? Da èlùbọ́ sí i jàre!"

Ọ̀ṣẹ́nì yọjú láti ẹnu ọ̀nà. "Ìyá mi, ṣé kí n pe àwọn aláàárù?"

"Pè wọ́n," ni Màmá wí láti òkè. "Pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun."