Tansy Wọlẹ̀, Kò Jáde

"Kò tíì jáde síbẹ̀?"

Seth, baba ọkọ Enid, ló béèrè. Enid dojú bolẹ̀ lórí koríko tútù, ó fi etí sí ẹnu ihò ehoro, ó ń gbọ́. Nígbà tí Tansy, ẹran ọdẹ rẹ̀, kọ́kọ́ wọlẹ̀, ariwo pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ehoro ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ gìrì-gìrì, bí ẹni tó ń lu ilẹ̀kùn nínú ilé tó ń jóná. Méjì bẹ́ jáde, àwọ̀n tí Enid dẹ sẹ́nu ihò gbé wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́kẹ́ pa. Àwọn àgùntàn tó wà lórí òkè pàápàá ti kó ara wọn lọ sísàlẹ̀, wọ́n kẹ́yìn sí afẹ́fẹ́, kò sí èyí tó ké.

"Mo ní kò tíì jáde?"

"Bàbá, ojú yín ò fọ́. Ẹ rí i pé kò jáde."

Seth rẹ́rìn-ín sínú ẹ̀wù òjò rẹ̀. "Ẹnu rẹ yìí ni Wilf ọmọ mi sá fún, tó fi kú."

"Sìgá ló pa Wilf. Ta ló sì kọ́ ọ ní sìgá?"



Fẹ́rẹ́ẹ̀tì ni Tansy, ẹran funfun kan báyìí, gígùn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìbọ̀sẹ̀, tí wọ́n ń rán sínú ihò kí ehoro lè sá bọ́ sínú àwọ̀n. Ọmọdé ni. Láti ìgbà ooru ni Enid ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ. Ó kọ́ ọ láti gba inú páìpù kọjá lẹ́yìnkùlé, ó mú un lọ sí ihò kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà títí òtútù ọdún yìí á fi kọjá. Ta ni ò mọ̀ ọ́n ní àfonífojì yìí? Ihò ńlá tó wà lábẹ́ ògiri òkúta, tó ní ẹnu bí ajere, àgbà fẹ́rẹ́ẹ̀tì tó ti gba ọgbẹ́ lójú ni wọ́n ń rán síbẹ̀. Enid mọ̀ ọ́n ju gbogbo wọn lọ.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, Haygarth tó ni ilẹ̀ náà dá ọkọ̀ dúró níwájú ilé rẹ̀, kò tilẹ̀ pa iná ẹ́ńjìnnì.

"Ehoro ti jẹ koríko àgùntàn mi tán," ó wí látojú fèrèsé. "Olóògùn tó ń fi èéfín olóró pa ehoro nínú ihò ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la. Bí o bá kó wọn kúrò kó tó dé, màá dá a padà, ilẹ̀ ọdẹ yìí á sì wà lọ́wọ́ rẹ bó ṣe wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ. Bí o ò bá lè ṣe é, ó parí nìyẹn."

Ẹ̀tọ́ ọdẹ ilẹ̀ yẹn nìkan ni Wilf fi sílẹ̀. Ehoro ibẹ̀ ni alápatà ìlú ń gbà lọ́wọ́ opó rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù, òun náà ni opó fi ń jẹun. Ìbẹ̀rù sì burú. Ó lè sọ ẹni tó gbọ́n di òmùgọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ihò ńlá yẹn náà ló rán Tansy sí láàárọ̀ yìí.

Enid dìde, ó mú ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bó bá ti sún mọ́ okùn ọrùn Tansy. Ó gbé e káàkiri. Abẹ́ ògiri gan-an ló ti dún kíkan.

"Ibí yìí ló wà. Kò rìn rárá."

"Ó ti pa ọ̀kan síbẹ̀ nìyẹn," ni Seth wí. "Ó ń jẹun. Bó bá yó, á sùn. Ó lè sùn dọ̀la."

"Oúnjẹ wo ló ń jẹ? Mo bu ẹran fún un láàárọ̀, ó tó fún un dalẹ́…"

Seth ń wo bàtà rẹ̀.

"Bàbá?"

"Mo gbé e kúrò."

"Ẹ gbé kí ni kúrò?"

"Oúnjẹ. Àti ti àná. Ebi ló ń kọ́ ẹran lọ́dẹ, Enid. Bí bàbá mi ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Bàbá yín tún máa ń fi okùn dí wọn lẹ́nu! Kí ló dé tó ń dí wọn lẹ́nu? Torí ó mọ̀ pé èyí tí ebi bá ń pa máa jẹun lábẹ́ ilẹ̀! Ẹ mú ààbọ̀ ọgbọ́n, ẹ fi ààbọ̀ sílẹ̀!"

"Mo fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni."

"Ẹ ràn mí lọ́wọ́ lóòótọ́."

Ọkọ̀ méjì ń gun òkè bọ̀. Haygarth sọ̀ kalẹ̀ nínú èyí tó ṣáájú. Olóògùn tẹ̀ lé e, ó wọ ìbọ̀wọ́ dé ìgúnpá, ó gbé agolo kan dání bí ẹni tó gbé ẹyin. Ó wo àwọ̀n tó wà lẹ́nu ihò.

"Màámi, ṣé nǹkan wà nísàlẹ̀ níbí?"

"Ehoro ni," ni Haygarth dáhùn.

"Ẹran mi wà níbẹ̀," ni Enid wí.

Olóògùn mi orí. "Hóró inú agolo yìí, bó bá kan ilẹ̀ tútù, èéfín olóró ló ń dà. Kò mọ ẹran tẹni yàtọ̀ sí ehoro."

"Mi ò ní kí o wàásù," ni Haygarth wí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun ọ̀hún."

Ọkùnrin náà lọ. Ó fa ìbòmú sókè, ó ju hóró kan sínú ihò, ó gé koríko pẹ̀lú erùpẹ̀, ó fi dí i, ó sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó bọ́ sórí èkejì.

"Ọ̀gbẹ́ni Haygarth, ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ẹ jáde. Ẹ̀mí ni òun náà."

"Gbẹ́ ẹ níbo?"

"Abẹ́ ògiri."

"Bàbá bàbá mi ló to ògiri yẹn. Fọwọ́ kan òkúta kan, ìwọ àti ẹnikẹ́ni nínú ìdílé Garbutt yín ò ní tẹ ilẹ̀ yìí mọ́."

Seth sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Fi í sílẹ̀, ọmọ. Fẹ́rẹ́ẹ̀tì mìíràn wà. Ilẹ̀ mìíràn ò sí."

Òótọ́ ni. Ohun tó mú un burú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ yí padà, ó gbé òórùn èéfín náà wá, bíi ti ẹja tó ti rà. Olóògùn ti bọ́ sórí ihò mìíràn.

Enid na ọwọ́ méjèèjì, ó gbé òkúta orí ògiri, ó jù ú sínú koríko.

Haygarth kò pariwo. Ó wò ó, ó yí padà, ó sì rọra lọ sí ẹnu géètì pápá náà.

Enid ń já òkúta, ó ń jù ú. Nígbà tó kan ilẹ̀, ó mú ṣọ́bìrì. Ilẹ̀ náà rọ̀, ó ń ya lulẹ̀ padà bó ṣe ń gbẹ́ ẹ, ìyókù ògiri sì ń kérora lókè orí rẹ̀. Ó sọ ṣọ́bìrì nù, ó dùbúlẹ̀, ó ti apá bọ inú ihò dé èjìká. Irun ehoro ló kọ́kọ́ kàn, ó ṣì gbóná. Ó tún nà án sí i. Kò sí nǹkan. Òórùn yẹn ti wọ ọ̀fun rẹ̀.

Lójijì, eyín gún un ní ìka, ó wọ egungun, ó sì dì mọ́ ọn.

Omi bọ́ lójú Enid. Kò fa ọwọ́ yọ.

"Bù ú jẹ," ó ń sọ fún ihò náà. "Bù ú jẹ dáadáa. Má tú u sílẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀, ó ń fa Tansy bọ̀.

"Bàbá, ẹ ṣí àpótí rẹ̀."

Seth ṣí i. Ní ẹnu géètì, Haygarth dúró, ó mú ṣéènì dání, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n á jáde, kó lè ti géètì náà pa mọ́ wọn.