Ẹkùrọ́ Inú Abọ́ Ọ̀gá Philippe

4.

…ó yọ ẹkùrọ́ kan kúrò lẹ́nu ìgò, ìyókù sì ń bọ́ sínú rẹ̀ gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́. Ọ̀gá Philippe, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹkùrọ́ kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹni tó fẹ́ bá Lomé sọ̀rọ̀. Ẹnu ìgò dúró fún okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo tó wà. Bí ìlà àwọn tó ń dúró bá ti fẹ́ gùn, a di ojú, a mú ẹkùrọ́ kan, a jù ú sínú abọ́. Àwọn tó kù a yára kọjá.

Ó dán an wò títí. Kò kùnà rí.

5.

Ẹkùrọ́ kì í bẹ̀bẹ̀.

6. (lára ilẹ̀kùn, 1983)

ÌKÉDE
BÍ ÌLÀ BÁ Ń GÙN, A Ó YỌ ẸNÌ KAN KÚRÒ.
KÍ ẸNI TÍ A YỌ PADÀ WÁ LỌ́LA.
A KÌ Í WOJÚ.
— Philippe, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Faransé

(Iye ọ̀sẹ̀ tó lò ní Faransé, ìkéde náà kò sọ ọ́.)

7.

JULIENNE (òun ló ń so okùn): Ọ̀gá, ìlà ti ń gùn.

Philippe di ojú. Ìka rẹ̀ bọ́ sórí Adèle ará Agbonou.

ADÈLE: Ẹ dákun, ọ̀gá. Jacqueline ọmọ mi wà ní ọsibítù ní Lomé. Ikùn rẹ̀ ti wú. Dókítà ní àfi kí òun gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” lẹ́nu mi kí òun tó fi ọ̀bẹ kàn án.

PHILIPPE: Ìlànà kì í wojú, Màmá.

FÁDÁHÙNSÍ (bàbá àgbà, òun ló kàn): Jẹ́ kó gba àyè mi.

PHILIPPE: Bí a bá ń pààrọ̀ àyè, Bàbá, ìlànà ti bàjẹ́ nìyẹn.

FÁDÁHÙNSÍ: Ó mà ṣe fún ìlànà o.

8.

Adèle kò lọ. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn.

9.

FÁDÁHÙNSÍ (sínú ẹ̀rọ): Ilé ńkọ́? Ìyàwó ńkọ́? Ewúrẹ́ ńkọ́?

PHILIPPE: Bàbá! Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wá ńkọ́?

FÁDÁHÙNSÍ: Ìkíni la fi ń mọ̀ bóyá àyà ẹni le tó láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wúwo, ọmọ mi. Ṣé wọn ò kọ́ ọ níyẹn ní Faransé?

(Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín.)

12. (ìròyìn sí àwọn ọ̀gá ní Lomé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà)

Ìlànà mi yọrí sí rere. Bẹ́ńṣì ti ṣófo. Okùn ń sinmi. Inú gbogbo ará ìlú dùn, àyàfi…

13.

PHILIPPE: Julienne. Pe Màmá orí àtẹ̀gùn wọlé.

14.

Philippe fi agbọ́rọ̀ kejì tẹlifóònù náà sétí.

ADÈLE: Ìyá Jacqueline ni! Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ ní kí dókítà ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni!

(Kò kí ẹnikẹ́ni.)

NỌ́Ọ̀SÌ (ọmọ ìlú wa, ní ọsibítù ní Lomé): Ẹ kú ilé o, Màmá.

ADÈLE: “Bẹ́ẹ̀ ni” ni mo wí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Ilé ńkọ́? Oko ńkọ́?

Philippe di abọ́ ẹkùrọ́ mú. Ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ìkíni náà gùn, kí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má dé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Àwọn ọmọ yòókù ńkọ́?