Àgbọ̀nrín Inú Kọ̀ǹpútà ní Bẹẹrẹ

Ní ọdún 1998, Sẹ̀gilọlá gbé lẹ́tà ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta bọ́tìnnì l'Ọ́jà'ba lọ tẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Edith, ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé náà, kò tilẹ̀ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Géèmù ló ń gbá. Igbó ló kún ojú kọ̀ǹpútà, àgbọ̀nrín kan sì ń jẹko lọ́ọ̀ọ́kán. Edith fi máòsì gbé ìbọn sókè. Àgbọ̀nrín gbórí sókè, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó di àwátì.

"Ẹ má bínú, mà, mi ò mọ̀ pé ẹ ti wọlé," ni Edith wí. "Láti àná ni wọ́n ti ń sá fún mi báyìí."

"Kí ni ọfà kékeré tó wà ní igun yẹn?"

"Mi ò mọ̀ o, mà. Ó kàn máa ń yí kiri ni."

"Ṣé kì í ṣe atẹ́gùn ló ń júwe? Ẹran yẹn ló kọjú sí. Ó ti gbóòórùn rẹ kí o tó gbé ìbọn."

"Nínú kọ̀ǹpútà?" Edith rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀yìn igi yí po. Àgbọ̀nrín mìíràn jáde, kò sá. Ayọ̀ mú kí Edith kánjú, ó yìn ín tì. Ó dìde lórí àga. "Ẹ jókòó, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Ọdẹ ni bàbá Sẹ̀gilọlá, ọdẹ sì ni Ifádayọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, ó bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n mú òun lọ sígbó. Wọ́n ní kó lọ pọnmi. Ohun tó mọ̀, ẹnu wọn ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá ń kun ẹran lẹ́yìnkùlé wọn ní Bẹyẹrúnká.

Máòsì ń yọ̀ mọ́ Sẹ̀gilọlá lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Ó lúgọ sídìí igi kan, ó dúró.

"Ẹ máa lọ síwájú, mà!"

"Dákẹ́, o máa lé e."

Ni àwọn méjèèjì bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ẹran náà ń gbọ́ wọn. Nígbà tó yá, àgbọ̀nrín jáde wẹ́rẹ́. Gbàù! Ó bà á! Sẹ̀gilọlá fò sókè, gèlè rẹ̀ já bọ́, àwọn tó ń kọjá yọjú wò wọ́n. Lẹ́tà ẹgbẹ́ di ọjọ́ kejì.

Ní Sátidé, ó fa Ifádayọ̀ lọ́wọ́ wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, orúnkún kò sì jẹ́ kó lọ sígbó mọ́.

"Ẹran tí a ò ní jẹ, kí la fẹ́ fi ṣe?" ó wí, ṣùgbọ́n ó ti jókòó. Ẹran mẹ́ta jáde, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sá lọ.

"Ẹ ń kánjú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo ọfà yẹn."

"Ìwọ ló ń kọ́ mi lọ́dẹ?"

Sẹ̀gilọlá gba máòsì. Ó dúró, ó dúró, ó yìn ín. Ẹran ṣubú. Ifádayọ̀ ṣí fìlà, ó họrí.

"Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró báyẹn?"

"Ẹ̀yin àti bàbá ni. Mo máa ń gbọ́ yín."

Ifádayọ̀ dé fìlà rẹ̀ padà. "Ó yẹ ká mú ọ dání nígbà yẹn."

Sẹ̀gilọlá fi máòsì sílẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fómi, ó sì tún ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa," ni Ifádayọ̀ wí, "èmi á máa yìnbọn, ìwọ á máa ṣọ́ atẹ́gùn."

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Ká máa gbà á lọ́wọ́ ara wa ni."

Edith lọ gbé àga kẹta wá.