Kókó Tó Kọjú Sósì

"Ta ló ta kókó yìí?"

Eulogio, olórí ìlú wa, gbé pátákó náà sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, ara ìbá tù wá díẹ̀.

Ojú irin àtijọ́ la wà, lẹ́yìn ihò òkè, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Rélùwéè ti kú níbẹ̀ kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó lọ́kọ. Wọ́n hú irin rẹ̀, wọ́n tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó wá di ọ̀nà àwọn oníkẹ̀kẹ́. Mọ́tò kan kì í gbabẹ̀. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti yí òkúta sílẹ̀ láti orí àpáta, ilé kọ̀ọ̀kan ní Cerrojal, ìlú wa, á rán ẹnì kan wá kó o kúrò, lẹ́yìn náà a ó jọ jẹun. Lọ́dún yìí, a ò tíì gbé òkúta kan tí Crispín, darandaran, fi pe olórí ìlú pé kó wá wo pátákó atọ́nà. Ọfà tó yẹ kó tọ́ka sí ìsàlẹ̀, sí ojú irin, òkè ló ń tọ́ka sí, sí ọ̀nà ọ̀dà tí àwọn ọkọ̀ akóòkúta ń gbà sáré bọ̀. Ẹnì kan ti yí i, ó sì fi koríko ẹspáto so ó mọ́ òpó kó má baà padà. Crispín fi ọ̀bẹ gé koríko náà láti ẹ̀yìn, kókó iwájú ṣì wà bó ṣe wà.

"Ohun tó ṣe obìnrin ará Holland yẹn nìyí," Crispín wí.

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló gun kẹ̀kẹ́ gba òkè lọ, ni ọkọ̀ akóòkúta bá tì wọ́n sí gèrègérè. Ọkọ fara pa díẹ̀. Eegun èjìká ìyàwó dá.

Virtudes wà lẹ́yìn, ó di ọkọ́ rẹ̀ mú. Òun ló ń gbé ilé rélùwéè àtijọ́ tó wà nísàlẹ̀. Ilé ìlú ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ni ìlú fi fún un pé kó máa fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ lómi, kó sì máa ta oúnjẹ fún wọn. Ohun tó ń tà níbẹ̀ ló ń jẹ, àwọn tó ń wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín náà ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí ooru ti rọlẹ̀ ni àlejò ò ti dé mọ́, ẹyin pẹ̀lú ọ̀dùnkún tó ń dín, ajá Crispín ló ń jẹ ẹ́. Ó rò pé kẹ̀kẹ́ ló ti sú àwọn èèyàn. Amador ọmọ rẹ̀ ti ní kó máa bọ̀ ní Barcelona, kó wá máa sùn ní yàrá àwọn ọmọ. Ó ti ń ká kúbùsù.

Ó wá sún mọ́ iwájú kó lè rí kókó náà.

Kókó bàbá òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Oko àjàrà ni bàbá wọn ṣe títí ó fi kú, ó sì ní bó ṣe ń so ìtàkùn mọ́ igi. Ó máa ń yí i lẹ́ẹ̀mejì, á fi í gba abẹ́ ara rẹ̀, á wá ki ìrù rẹ̀ bọnú, tó fi jẹ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fà á ló ń le sí i. Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì nìkan ló fi kọ́, gbogbo ìlú ló sì mọ̀.

Eulogio wo Virtudes, ó wo Angustias ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú ìlú lókè ni Angustias ń gbé. Noelia, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti tún yàrá ṣe fún àwọn oníkẹ̀kẹ́ láti ìgbà ìrúwé, ó ran aṣọ fèrèsé tó léwà síbẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ gun irú òkè yẹn lọ sùn? Kálukú wa ń wo ilẹ̀. Ohun kan náà la ń rò.

Virtudes la ẹnu láti gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé bóyá ẹnì kan ló wo kókó náà kọ́. Àmọ́ Angustias ti ń sọ̀rọ̀.

"Kókó bàbá wa ni, mi ò ní purọ́. Àwa méjì péré la mọ̀ ọ́n ta. Ṣùgbọ́n ẹ mọ orúnkún mi, láti ìgbà òtútù mi ò tíì sọ̀ kalẹ̀ débí àfi lónìí." Ó mí kanlẹ̀. "Virtudes, ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ yìí ti sú ọ? Pé ká ní wọ́n lè gba ibòmíì lọ kí o sinmi? Jẹ́wọ́, kó tán. Kò sẹ́ni tó máa pa ọ́ jẹ."

Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Eulogio yíjú sí Virtudes. "Ṣé ẹ sọ bẹ́ẹ̀, màmá?"

"Mo sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Ìgbà ooru ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó tì í bọ omi iyọ̀ nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì sọ ọ́ bí àbúrò ṣe ń ráhùn sí ẹ̀gbọ́n létí. Àwọn méjèèjì ló jọ rẹ́rìn-ín sí i. Angustias náà ló bá a nu ẹsẹ̀.

Kùn-kùn-kùn bẹ̀rẹ̀ láàárín wa. Crispín ní òun mọ alásè tí oúnjẹ sú tó gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ, òun ò mọ èyí tó lọ yí ọ̀nà àlejò. Kò sẹ́ni tó rín in. Eulogio ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ilé rélùwéè máa padà sọ́wọ́ ìlú kí Kérésì tó dé, torí ìlú ò lè fi ọ̀nà sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àlejò.

Virtudes wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iná tí wọ́n ń dá sábẹ́ agbada ni Angustias ń wò.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí Angustias. Nílé ìwé, àwọn obìnrin ìjọ tó ń kọ́ wọn so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn títí ó fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé, tó ń fi ọ̀tún jẹun, tó ń fi ọ̀tún ṣe àmì àgbélébùú. Ẹspáto nìkan ni ọ̀tún rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n ta. Nínú oko àjàrà, òsì ló fi ń ta á, ìrù kókó tirẹ̀ sì máa ń kọjú sósì, bàbá wọn ò sì fẹ́ rí i sójú. Torí náà, kí bàbá tó rìn dé ìpẹ̀kun ebè, Virtudes á ti sáré padà, á tú gbogbo kókó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, á tún un ta. Ó ṣe é títí wọ́n fi dàgbà. Bàbá wọn kú láìmọ̀. Virtudes ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fa ẹspáto létí ọ̀nà, ó lọ́ ọ láàárín àtẹ́lẹwọ́. Ó ní kí Eulogio gbé pátákó padà sára òpó, kí ọfà rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀. Ó yí koríko lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í gba abẹ́, ó ki ìrù rẹ̀ bọnú. Ó wá gba kókó tí wọ́n gé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta.

"Ẹ wò ó," ló sọ.

Crispín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Èyí tí màmá ta ń wo ọ̀tún," ó ní. "Èyí tí mo gé ń wo òsì."

Eulogio ní kó tún òmíràn ta. Ó ta á sára ọ̀pá darandaran. Ọ̀tún náà ni. Olórí ìlú bá fa ẹspáto tútù, ó nà án sí Angustias.

"Màmá Angustias, ẹ gbà, ẹ ta tiyín. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ̀yin méjì péré lẹ mọ̀ ọ́n."

Angustias ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. "Orúnkún ń dùn mí," ó ní.

"Orúnkún kọ́ la fi ń ta kókó, màmá," Crispín wí.

Eulogio ju koríko náà nù. Ó ní ká lọ kó òkúta. A kó o, ẹnikẹ́ni ò kọrin.

Nígbà tó yá, a gbé agbada sọ̀ sílẹ̀ láàárín wa, búrẹ́dì tí a rún tí a sì fi ááyù dín ló kún inú rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni pé a ó tò yí agbada ká, kálukú pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Wàá sún síwájú, wàá bù ú, wàá sún padà sẹ́yìn kí ẹni tó kàn lè bù. Angustias wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Virtudes bó ṣe máa ń dúró láti kékeré.

"Gbogbo yàrá ló ṣófo," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Noelia ní òun á kó àwọn ọmọ lọ. Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bá ti sọ fún mi," Virtudes dáhùn. "Ǹ bá máa darí wọn sí yín."

Ó kan Angustias. Ó sún síwájú, ó bù ú pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó sún padà. Ó kan Virtudes. Ó wo agbada náà, ó fi etí épírọ́ọ̀nù nu ṣíbí rẹ̀ tí kò tíì dọ̀tí, ó fi í sápò.

A gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ nínú ihò òkè, ọ̀kan, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò sí oníkẹ̀kẹ́ tí kì í lù ú nínú òkùnkùn ibẹ̀. Virtudes gbé ọkọ́ rẹ̀ léjìká. Angustias na apá sí i, torí ibẹ̀ lókùúta, apá àbúrò rẹ̀ ló sì máa ń dì mú tí a bá ń lọ sílé. Virtudes ti kọjá. Ó gba ìsàlẹ̀ lọ ṣílẹ̀kùn fún àwọn oníkẹ̀kẹ́.

Àyè rẹ̀ ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angustias. A jẹun tán, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sún dí i.