Ibi Tí Málọmọ́ Lọ

Mo parọ́ fún wọn. Kí n kúkú pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Kì í ṣe pé mo ṣì í sọ, kì í ṣe pé mo fi díẹ̀ pa mọ́... mo dúró níwájú kíláàsì, mo nàka sí àwòrán tí ẹ̀rọ gbé sára ògiri, mo sì purọ́ fún àwọn ọmọ Pírámárì Fáìfù lójú korojú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ṣì ń pariwo orúkọ ẹyẹ yẹn lọ́wọ́ báyìí níta, Teslim tó jẹ́ olórí kíláàsì ló ń lé e, àwọn tó kù ń gbè é.

Èmi wá jókòó sínú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Mọ́ọ̀tì tútù wà níwájú mi, mi ò lè gbé e mu. Òórùn kòkó ń gba ojú fèrèsé wọlé láti ilé-iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà. Gbogbo ìgbà tí mo bá wá sí Àgídìngbì ni òórùn yìí máa ń dùn mọ́ mi, àmọ́ lónìí ńṣe ni mo fọwọ́ bo imú.

Kí n padà wọlé. Kí n padà wọlé, kí n sọ pé... pé kí ni? Wọ́n máa tó pè mí ká jọ ya fọ́tò lábẹ́ igi máńgòrò. Tí a bá ti yà á tán, màá wọ mọ́tò, ó tún di ọdún tó ń bọ̀. Bí mi ò bá sọ ọ́ ká tó ya fọ́tò yẹn, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo mọ ara mi.

Mísíìsì Bọ́dúndé ló fà á. Ọ̀gá wọn. Obìnrin dáadáa ni o, kò sí ẹni tó máa ń tọ́jú mi níbí bíi tirẹ̀. Àmọ́ òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láàárọ̀: "Dókítà Bọ́sẹ̀dé, ẹ jọ̀ọ́ mà, lọ́dún yìí ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ yìí sunkún o. Àwọn òbí wọn wá bá mi jà. Wọ́n ní ṣé ẹyẹ òyìnbó la wá ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nílé-ìwé?" Nítorí pé lọ́dún tó kọjá mo sọ òótọ́. Mo ní ọmọ pẹ́ńgúìnì tí wọ́n sọ lórúkọ ti kú, ẹyẹ apẹran kan ló gbé e jẹ. Ẹkún ta. Nítorí náà òun ló ní kí n... Rárá. Kò ní kí n parọ́. Ó ní kí n má pa wọ́n lẹ́kún. Ìyókù, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Ta ló tiẹ̀ rán mi? Ta ló ní kí wọ́n máa sọ ẹyẹ lórúkọ? Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní káwọn ọmọ Ìkẹjà ní ẹyẹ tiwọn ní Àǹtátíkà, ilẹ̀ yìnyín tí mo ti ń ṣèwádìí ẹyẹ, kí wọ́n lè máa ro ire sí ibi tí wọn ò dé rí. Nínú àwọn ọmọ pẹ́ńgúìnì tí mò ń ṣọ́, màá mú ọ̀kan, màá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, wọ́n á fún un lórúkọ. Èyí tọdún tó kọjá, Jubril ni wọ́n pè é, orúkọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù nínú wọn. Èyí tọdún yìí... Àǹtí Sùlíyá, tíṣà wọn, gba ohùn wọn sílẹ̀ fún mi. Ohùn ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ jáde, ohùn jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ ní Málọmọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, tí èyí tó ṣáájú bá ti kú." Kíláàsì hó yèè. Ameenat ni orúkọ ọmọ náà.

Mo rẹ́rìn-ín. Èmi! Nínú àgọ́, nínú òtútù yẹn, mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ó mà dùn o. Inú mi ń dùn bí ẹni tó gbẹ̀bùn. Èmi tí wọ́n bí sí Onígbòǹgbò, tí ìyá mi jẹ́ ọmọ Èkìtì, mi ò bi ara mi léèrè ibi tí ọmọ kékeré ti gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀.

Òjò ló pa Málọmọ́ kú. Òjò lásán, irú èyí tí ọmọ Agége máa bọ́ra sílẹ̀ fún tayọ̀tayọ̀. Yìnyín ló yẹ kó máa bọ́ níbẹ̀, ìyẹn gbẹ, wọ́n á gbọ̀n ọ́n dànù. Àmọ́ ayé ti ń móoru, òjò ti ń rọ̀ níbi tí kì í rọ̀ sí. Irun ara ọmọ pẹ́ńgúìnì fẹ́lẹ́ bí òwú, kò tíì lè lé omi. Ó rin gbindin, atẹ́gùn dé, ó ń gbọ̀n... Mo dúró síbi tí òfin ní ká dúró sí. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n, a kì í gbé wọn, ká máa wò wọ́n niṣẹ́ wa. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì lé jákẹ́ẹ̀tì, mò ń wò ó. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò ṣẹ̀ níbẹ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò ṣẹ̀ níbẹ̀. Ibí yìí ni mo ti ṣẹ̀.

Kí ló tiẹ̀ le níbẹ̀? "Ẹ̀yin ọmọ mi, Málọmọ́ ti kú, òjò ló pa á." Ó ti dé ètè mi. Mo ti la ẹnu. Gbogbo wọn ń wò mí — ojú yẹn, gbogbo ojú yẹn! — ọwọ́ mi kàn tẹ ẹ̀rọ, àwòrán mìíràn sì yọ, pẹ́ńgúìnì ńlá, aláyà funfun, ó ń bẹ́ sómi. "Málọmọ́ rèé. Ó ti dàgbà. Ó ti wọ òkun lọ." Ọlọ́run mi o. Ẹyẹ tí mi ò mọ̀ rí. Ó sì yọ́ lẹ́nu mi bí ẹni pé mo ti múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé.

Ameenat nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó nawọ́ sókè. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹja ló fẹ́ bi mí. "Mà, òkun yẹn, ṣé ó jìnnà ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó jìnnà gan-an, ọmọ mi." Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó rọra jókòó, ó ń wo bàtà rẹ̀.

Kí ló dé tí ìbéèrè yẹn ò kúrò lára mi? Ògbómọ̀ṣọ́ nilé wọn. Ibi tó mọ̀ ló fi díwọ̀n, kò sí nǹkan kan níbẹ̀... Àmọ́ Àǹtí Sùlíyá sọ nǹkan kan nígbà tó ń sìn mí wá sí ọ́fíìsì yìí. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀: "Ẹ má bínú sí i, mà. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó kú, wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni wọ́n wà, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò fẹ́ kó mọ̀. Àwa náà ò tú u fún un." Mo ní, "Ẹ̀ẹ́yà." Ibi tí màá gbé báàgì mi lé ni mò ń wá nígbà yẹn.

Wọn ò fẹ́ kó mọ̀.

Dúró ná. Dúró, Bọ́sẹ̀dé. Ọmọ tó gbà pé àbúrò òun wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kí ló fẹ́ fi orúkọ bíi Málọmọ́ ṣe? Ta ló sọ fún un pé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ní láti jẹ́ pé wọ́n sọ ọmọ mìíràn ní Málọmọ́ nílé wọn, òun náà sì fi orí ara rẹ̀ rò ó dé ìdí. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá tí gbogbo wọn ń sunkún, òun kò sunkún, èmi ni ó tẹjú mọ́... mo rò pé ọkàn rẹ̀ le ni. Èmi nìkan ni àgbàlagbà tó tíì wo ojú rẹ̀ rí, tó sọ pé ọmọ kan ti kú. Ìdí nìyẹn tó fi fún mi ní orúkọ yẹn.

Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Àǹtí Sùlíyá ni: "Àwọn ọmọ ti tò, mà, ẹ̀yin la ń dúró dè." Mo gbọ́. Mo ní mò ń bọ̀. Mi ò tíì dìde.

Kì í ṣe bí òkun ṣe jìnnà tó ni ọmọ yẹn ń bi mí. Ó ń bi mí pé ṣé èmi náà ti di ọ̀kan lára àwọn àgbà tó ń parọ́ fún òun — mo rẹ́rìn-ín, mo sì dá a lóhùn.